Orúkọ Titun Lára Ilé Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́

Ní ọdún 2019 ni òfin Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà yí orúkọ ilé ẹ̀wọ̀n padà sí ilé àtúnṣe ìwà. Òfin náà dára. Ó tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè fi iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó há sí Kìrìkìrì tàbí Agodi, kí ni orúkọ titun fi kún oúnjẹ rẹ̀? Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà nínú àhámọ́ wa ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Báwo ni a ṣe ń tún ìwà ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ ṣe?

Àwọn kan a máa wí pé ìyà ni ó tọ́ sí olè, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe. Àwa kò sọ pé baba wa ṣàánú olè. Wọn a tà á lẹ́rú, wọn a sì pa á. Ṣùgbọ́n kí a ti ènìyàn mọ́lé fún ogún ọdún kò sí nínú àṣà wọn. Òyìnbó ni ó kó bíríkì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885 láti fi kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra: òsì nìkan ni a ń lò láti ìgbà náà.

Ẹ wo ilẹ̀ Nọ́wè. Ní Halden, tí wọ́n ṣí ní 2010, ẹlẹ́wọ̀n ní iyàrá tirẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́, wọ́dà sì ń bá a jẹun. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn apànìyàn. Wọ́n mọ̀ pé yóò padà di aládùúgbò ẹnìkan ni. Nínú 100 tí ó jáde ní ilẹ̀ náà, bí 20 ni ilé ẹjọ́ tún ń dá lẹ́bi láàárín ọdún méjì. Owó ńlá ni ó ń ná wọn, a kò sẹ́. Èló ni ó ń ná àwa láti máa bọ́ ẹni tí ó lè má jẹ̀bi?

Láti oṣù Kẹta 2023, àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti fún Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ní ilé àtúnṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin Gómìnà Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, kí ẹ tó gbé bíríkì kan lé èkejì, ẹ ka iye àwọn ọmọ wa tí ń dúró de adájọ́ àti iye ọdún tí wọ́n ti dúró, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ìlú kà á.