Wíwo Ọkọ̀ Òfuurufú Kan Oníkéwú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ kan tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wa, tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, wá kí wa. Ó ń fi ìtara ròyìn ilé ńlá kan ní Washington tí wọ́n kó ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ sí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976. Mo dá a lóhùn pé eré ọmọdé ni, kò kan oníkéwú. Àṣìwí ni mo wí.

Ó ní òun rí bààlúù tí Wilbur àti Orville Wright fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe tà. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré ni ó kọ́kọ́ lò lókè. Inú ilé kan náà ni Columbia wà, ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ òṣùpá ní 1969, tí ó sì gbé wọn padà. Ọdún 66 péré ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ní ẹ̀ka ilé náà ní Virginia, ó rí Discovery, ọkọ̀ tí ó gbé Sultan bin Salman, ọmọ ọba Saudi, lọ ní oṣù Kẹfà 1985. Òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó dé òde òfuurufú. Bí mo ti sọ èyí ní kíláàsì, ọmọ kékeré kan béèrè pé: "Ààfáà, níbo ni ó kọjú sí kírun?" N kò rí èsì fọ̀. Ojú tì mí.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó mọ̀ pé, nígbà tí Sheikh Muszaphar Shukor ti Malaysia fẹ́ lọ ní 2007, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ jókòó kọ ìlànà fún un: kí ó kọjú sí Kaaba bí ó bá lè ṣe é, bí kò bá lè ṣe é, kí ó kọjú sí ayé, bí ìyẹn náà bá ṣòro, ibi yòówù tí ó bá rọrùn. Ọkọ̀ tí ó wọ̀ ń yí ayé po ní ìgbà bí 16 lójúmọ́. Ta ni yóò mọ àkókò ìrun níbẹ̀ bí kò bá mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń rìn?

Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ wa yóò bi wá ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé tí a kà. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ, kí ẹ sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa. Àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n kọ́ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ wa. Àámín.