Irin Ló Ń Ta Dànù Yẹn

Ẹni tó bá gba òpópónà George Walker Bush, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012, kọjá ní Lapaz, nílùú Accra, kò ní í ṣàìrí àwọn wẹ́dà tó ń jó géètì àti férémù fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí iná bá ṣe ń ta pàrà tó ni àwọn òǹwòran ń gbà pé ọ̀gá náà mọṣẹ́ tó. Bó ti rí lọ́hùn-ún náà ló rí ní Mushin. Ẹ̀yin ènìyàn wa, èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Irin tó yẹ kó wà lójú ìjópọ̀ ló ń fọ́n dànù yẹn.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíródù tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe èyí tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, tí gáàsì ń dáàbò bò, tí wọ́n sábà máa ń fi jó ara ọkọ̀. Bí wáyà náà bá kan irin yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀, iná á bíríìjì. Ohun tí onílé ń bẹ̀rù nínú ilé rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí fi ń jẹun, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nígbà 20 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan! Iná á ròkè, á fún ẹ̀kán irin náà lọ́rùn títí yóò fi já. Bí iná bá pọ̀ jù lásìkò tó ń já, ọrùn náà á bú gbàmù. Bí iná bá kéré jù, ọ̀ràn náà tún burú ju ìyẹn lọ: òkè á dán, ṣùgbọ́n irin méjèèjì kò ní í wọra nínú.

Ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ ìgbà tí ẹ̀kán fẹ́ já. Ní àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ Lincoln Electric ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tó mọ̀ ọ́n. Fólítéèjì ló ń ṣọ́. Bí wáyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fara kan irin, á dín iná kù. Á tún gbé e sókè láti fún ọrùn ẹ̀kán náà. Bó bá sì ti kù díẹ̀ kó já, á gé iná wálẹ̀ kíá. Ẹ̀kán náà á wá rọra wọlé bí omi ṣe ń fa omi mọ́ra. Fronius ti ilẹ̀ Austria ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn tilẹ̀ ń fa wáyà sẹ́yìn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Nàìjíríà ṣòfin lọ́dún 2010, Gánà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2013, pé kí iṣẹ́ epo rọ̀bì máa kan ọmọ onílẹ̀. Irú ẹ̀rọ báyìí ni wọ́n ń fi jó ìpele àkọ́kọ́ níbi tí ẹnu páìpù méjì ti pàdé, èyí tí gbogbo ìyókù gbára lé. Òfin kò lè bá ẹnikẹ́ni jó o.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wọ́n, pé atẹ́gùn ẹ̀bá títì ń gbá gáàsì lọ, pé iná ìjọba ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá gé ìjópọ̀ kan sí wẹ́wẹ́ lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ nínú fáìsì, kí wọ́n jọ wò ó bóyá yóò sán. Ìyẹn ṣeé ṣe ní Lapaz àti ní Mushin lọ́la òde yìí.