Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò gbowó kì í ṣe ẹrú òbí

Bí èèyàn bá gba Àrẹ̀mọ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tó sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó sí Ọjà'ba, kò ní ṣàì rí àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìbáà jẹ́ pápá ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ ojúde ilé, òkúta méjì ti tó wọn fi ṣe góòlù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin kan yóò wà láàárín wọn tó fi fèrè sẹ́nu. Ó lè jẹ́ télọ̀, mẹkáníìkì tàbí tíṣà. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún un. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń ra bọ́ọ̀lù, òun ló ń wá ọkọ̀ tí yóò kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje, bí ọmọ bá sì fi ẹsẹ̀ rọ́, òun náà ló ń sáré gbé e lọ fún ìtọ́jú.

Báwo la ṣe ń san oore yìí? Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, a kì í rí òbí kan ṣoṣo lórí pápá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdíje, wọn yóò ya dé. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò bá mú ọmọ wọn, èébú ni. Bó bá pààrọ̀ ọmọ wọn, wọ́n á ní ó ti gba rìbá lọ́wọ́ òbí mìíràn. Bó bá bá ọmọ wí nítorí pé ó pẹ́ dé, ìyá ọmọ á dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ojú àwọn ọmọ náà ni gbogbo èyí sì ń ṣe.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí pé nígbà kan, ẹgba ni òbí ń mú lọ sí pápá, nítorí wọ́n ka bọ́ọ̀lù sí iṣẹ́ ìpáǹle. Nígbà tó yá, ojú là. IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ṣe irú rẹ̀. Muda Lawal, tó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rí, wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ní 1980. Rashidi Yekini, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé ní 1994. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti rí i pé owó wà nínú bọ́ọ̀lù. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó náà ti ń di ojú àwọn mìíràn.

Àwọn kan tilẹ̀ ń rọ akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kó dín ọjọ́ orí ọmọ wọn kù. Ṣé a ti gbàgbé pé irú irọ́ yìí ló mú kí àjọ FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ? Láti 2009 ni wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ eegun ọrùn ọwọ́ ọmọ wò níbi ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ. Irọ́ kò ríbi sá sí mọ́.

Bí ọmọ bá wá ríṣe ńkọ́? Láti 2001 ni FIFA ti là á sílẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí di 23. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ló lè rí i gbà. Ọkùnrin tó ń fi fèrè sẹ́nu ní Àrẹ̀mọ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí òbí kò bá rántí rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan là ń sọ. Ní 2020 àti 2021, gbogbo wa la rí bí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ṣe fi àdá àti igi lé àwọn ará Ìbàdàn kúrò lójú pópó. Ọmọ tó bá wà lórí pápá láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́fà, kò ráyè wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá bínú sọ fèrè nù, ta ni yóò kó àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ?

A kò sọ pé gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ló jẹ́ èèyàn rere. Ẹ̀tọ́ òbí ni láti mọ ẹni tí ọmọ òun ń bá rìn àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Èyí tó bá ń fi ìyà jẹ ọmọ, tàbí tó ń gba owó ẹ̀yìn, ẹ fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí eré ná, kí ẹ tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà òbí pọ̀ débi pé ní 2008, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dá ètò ọ̀wọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí òbí kò gbọdọ̀ kọjá. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tiwa di ti okùn. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin ìyá àdúgbò, ẹ bá àwọn òbí wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Ẹ dáwó bọ́ọ̀lù kan, ẹ gbé omi lọ fún wọn, ẹ ran ọkùnrin náà lọ́wọ́ kí ó lè forúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ sọ pé “ẹ ṣeun”. Yin ni yin ni, kí ẹni ṣe òmíràn.