Ọmọ Tí Kò Lè Júwe Ilé Baba Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó ronú ọwọ́ tí yóò fi júwe ilé, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé náà wà. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nìyí nípa àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní òkèèrè. Bí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá, wọn a ní Nàìjíríà ni. Bí a bá tún bi wọ́n pé apá ibo ní Nàìjíríà, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní ilé, ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mọ̀ pé ìbéèrè ìmọ̀ gbogboogbò ń bọ̀ nínú ìdánwò. Ìpínlẹ̀ mélòó ni a ní? Kí ni olú-ìlú Taraba? Àwọn orílẹ̀-èdè wo ni ó bá wa pààlà? Níbo ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé? Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń tà fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kún fún ìdáhùn: ìpínlẹ̀ 36, ìjọba ìbílẹ̀ 774, Jalingo, Lọ́kọ́ja. Àwọn tí ń múra ìdánwò a sì máa há wọn sórí bí ẹni há ẹsẹ Ifá.

Èmi kò bá àwọn ìwé wọ̀nyí jà. Èrò mi ni pé ohun tí a bá há sórí láìmọ ìdí rẹ̀ kì í bá ni kalẹ́. Iye ìpínlẹ̀ pàápàá kì í dúró sójú kan. Ní 1967, a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, kí wọ́n tó di 36 ní 1996. Èkó ni olú-ìlú títí di oṣù Kejìlá ọdún 1991, kí ó tó di Àbújá. Òbí tí ó kúrò nílé ní 1985, bí ó bá fi ohun tí ó kọ́ ní ilé-ìwé kọ́ ọmọ rẹ̀, kò ní rí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbẹ̀, kò ní rí Èkìtì, kò sì ní rí Kogi. Àṣẹ ìjọba lè yí àwọn ìlà orí ìwé padà láàrin ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n odò àti òkè wà níbi tí a bá wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ti ibi odò bẹ̀rẹ̀. Láti orí òkè ilẹ̀ Gínì ni odò Ọya ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Mali àti Olómìnira Niger kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Odò Bẹ́núé ní tirẹ̀ ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá. Ní Lọ́kọ́ja ni àwọn méjèèjì ti pàdé, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí òkun. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe odò Ọya ni a ti fa orúkọ Nàìjíríà yọ, òun náà sì ni ìpínlẹ̀ Niger ń jẹ́. Kwara jẹ́ orúkọ tí àwọn Hausa ń pe odò kan náà. Benue, Kaduna, Anambra, Imo, Taraba, Yobe, Cross River, Ọ̀ṣun àti Ògùn, odò ni ó fún gbogbo wọn lórúkọ. Ọmọ tí ó bá fi ìka tọ ipa odò wọ̀nyí lórí àwòrán ilẹ̀ ti mọ ìpínlẹ̀ tí ó ju 10 lọ láì há ohunkóhun sórí. Yóò sì mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Ògùn kò jẹ́ orúkọ Ògún òrìṣà irin, bí kò ṣe ti odò tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó.

Lẹ́yìn odò, òjò ni ó kàn. Afẹ́fẹ́ láti orí òkun ni ó ń gbé òjò wá, agbára rẹ̀ a sì máa dín kù bí ó ti ń lọ sí àríwá. Ìdí nìyí tí irà fi wà ní etí òkun, tí igbó kìjikìji tẹ̀ lé e, tí ọ̀dàn sì gba ilẹ̀ láti apá Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin lọ sókè. Ìdí náà nìyí tí kòkó fi ń ṣe dáadáa ní Oǹdó, tí àlùbọ́sà fi ń ti Sokoto àti Kebbi wá sí ọjà wa. Àwọn baba wa tí wọ́n pe àríwá ní Òkè Ọya ti fi odò ṣe àmì ilẹ̀ fún wa kí òyìnbó tó ya àwòrán rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ní 2022, omíyalé ṣe ọṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ènìyàn tí ó lé ní 600 sì kú. Òjò pọ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n omi tí a tú sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti sé odò Bẹ́núé ní Lagdo, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wà lára ohun tí ó dá kún un. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 2012. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ ibi tí Bẹ́núé ti ń bọ̀ yóò mọ̀ pé bí wọ́n bá tú omi ní Lagdo, Adamawa ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Taraba, lẹ́yìn náà Benue, kí ó tó kan Kogi; yóò sì mọ àwọn tí ó yẹ kí ó tètè kìlọ̀ fún. Ẹni tí ó kàn há "Lọ́kọ́ja" sórí lè yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ará ìlú ni yóò jìyà àìmọ̀ rẹ̀.

Ààlà pẹ̀lú ní ohun tí ó ń kọ́ wa. Ọmọ lè sọ pé Benin wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, Niger ní àríwá, Chad àti Kamẹrúùnù ní apá ìlà-oòrùn, kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó tún mọ̀ pé ní 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá, tí Kétu àti Ṣábẹ fi bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Bí kò bá mọ èyí, yóò pàdé ọmọ Kétu ní Paris, yóò sì rò pé àjèjì ni.

Òbí kan lè sọ pé, "Òkèèrè ni ọmọ mi yóò ti ṣiṣẹ́, kí ni ó kàn án nínú odò Bẹ́núé?" Mo ní èsì mẹ́ta. Èkíní, àwa tí a wà ní Ìlú Ọba mọ ìdánwò tí ń jẹ́ Life in the UK, ìbéèrè 24 láàrin ìṣẹ́jú 45. Ọ̀pọ̀ wa ni ó fi òru kàwé nítorí rẹ̀. Bí a bá lè mọ Ben Nevis, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,345 mítà, ó yẹ kí á lè mọ Chappal Waddi ní Taraba, tí ó ga tó 2,419 mítà.

Èkejì, a kò mọ ibi tí ọmọ yóò gbé lọ́la. Èyí tí ó gboyè ní òkèèrè kí ó tó pé ọmọ 30 ọdún, tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé, ní láti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan lábẹ́ ètò NYSC tí a dá sílẹ̀ ní 1973, wọ́n sì lè rán an lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò dé rí. Bí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fọ́ọ̀mù yóò béèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, nítorí Òfin Ilẹ̀ ti 1999 ní kí iṣẹ́ ìjọba kárí gbogbo apá orílẹ̀-èdè.

Èkẹta ni ó jẹ mí lógún jù. Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe láàrin àwọn ẹbí, mo ti rí i pé ọmọ tí ó mọ ibi tí ó ti wá kì í tètè gba ohun àbùkù tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ gbọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní èsì lẹ́nu. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kò ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá sọ ni yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí á ra àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí a ti ń jẹun. Kí á mú odò kan lọ́sẹ̀, kí á bi àwọn ọmọ pé níbo ni ó ti wá, ìlú wo ni ó ń gbà kọjá. Bí a bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ọmọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbìn nílé lóṣù yìí, òjò ha ti dé bí? Bí a bá sì lọ sílé fún ìsinmi, kí á má fi Èkó nìkan han àwọn ọmọ. Kí á mú wọn gba ojú ọ̀nà lọ sí Ìlọrin, bí ọ̀nà bá sì dára, kí wọ́n dé Lọ́kọ́ja, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ibi tí odò méjì ti di ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò kankan.