Havana sí Matanzas: Òfin wà, ọkọ̀ kò sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, Havana sí Matanzas kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Etíkun ni ìlú méjèèjì. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí agbègbè yẹn. Ìlù bàtá ṣì ń dún níbẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ wọ̀ débẹ̀? Lẹ́yìn 1990, nígbà tí epo tó ń wá látọ̀dọ̀ Soviet gbẹ, ìjọba Kúbà fi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ aṣọ yẹ́lò sójú títì: kí wọ́n máa dá ọkọ̀ ìjọba dúró, kó gbé ará ìlú bí àyè bá wà. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ìlànà yìí sì wù mí gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dán an wò fún jíìpù àwọn ọ̀gá wa l'Ábújá ná!

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, 2024, lítà epo kan fò láti pésò 25 sí 132. Dírẹ́bà tó ń fi mọ́tò àtijọ́ kérò kò ní fowó ara rẹ̀ dí i. Orí èrò ló ń já sí. Ẹni tí owó oṣù ìjọba kò tó o gbé mọ́tò yóò lọ bá aláṣọ yẹ́lò nínú oòrùn. Òun náà á máa wo títì. Bí ọkọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ kò bá rí epo, kí ló fẹ́ dá dúró?