Àwọn Tí Ń Họ Owó Késárì

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi owó idẹ àtijọ́ ti Róòmù najú. Wọn a rà á ní àpò-àpò pẹ̀lú erùpẹ̀ lára rẹ̀. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a wo orí Késárì àti àkọlé tí ó yí i ká, wọn a sì wá àmì ìlú tí a ti rọ ọ́, bí TR fún Trier ní Jámánì.

Àwa kò bú ìmọ̀ yìí. Ìkánjú ni a ń bá wí. Ẹni tí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin họ owó kí ó lè dán, awọ aláwọ̀ ewé tí idẹ ti fi bo ara rẹ̀ láti ayébáyé ni ó ń bó, orúkọ Késárì a sì bá a lọ. Omi tí kò ní iyọ̀, igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti sùúrù ni ó tọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní owó náà pọ̀ bí yanrìn; kí ni ẹyọ kan já mọ́? Èsì wa nìyí. Ní ọdún 2010, nítòsí Frome ní Somerset, Dave Crisp bá ìkòkò owó pàdé nínú ilẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Owó 52,503 ni wọ́n kó jáde, ní ìpele-ìpele. Ọ̀pọ̀ owó Carausius, tí ó jọba ní Bìrìtéènì láti 286 sí 293, wà jìn ní ìsàlẹ̀, owó àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sì wà lókè. Èyí ni a fi mọ̀ pé ìkòkò náà kì í ṣe kóló tí a ń sọ owó sí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti da gbogbo rẹ̀ sínú agbada láti fọ̀ ọ́, ta ni ìbá sọ èyí fún wa?

Ẹni tí ó ra owó láìbéèrè oko tí a ti wú u, òun ni ó ń sanwó iṣẹ́ fún ẹni tí ń wúlẹ̀ lóru.

Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní ọdún 1938, ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń walẹ̀ fún ilé kíkọ́, orí idẹ sì jáde. A rí orí, ṣùgbọ́n kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ tí yóò kọ bí ilẹ̀ ṣe gbé wọn pamọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní London, bí owó Késárì bá wù yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ti wá. Ìtàn tí a bá họ nù kì í padà.