Ilé Ìwòsàn Nínú Yàrá: Ta Ni Yóò Dáhùn Lóru?

Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan nínú wa tí ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbá tàbí Òkòkòmáìkò má tí ì wọ ilé ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ rí, kí ó bá igò omi tí a so kọ́ sí ìṣó lára fèrèsé, tí okùn rẹ̀ wọ apá aláìsàn lórí ibùsùn. Ará ilé a sì máa fi inú dídùn wí pé, "A ti gbé ilé ìwòsàn wá sí ilé." Ọ̀rọ̀ yìí ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a dìde láti tako ìtọ́jú inú ilé. Ẹni tí ó bá ti gbé ìyá arúgbó láti Òkòkòmáìkò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìkẹjà mọ ohun tí ojú ń rí ní ọ̀nà Badagry nígbà tí ọkọ̀ bá dí. Bí a bá sì dé ibẹ̀, ibùsùn lè ti kún. Ẹni tí ó gbé àrùn kan lọ lè kó òmíràn bọ̀. Arúgbó tí ó jí lóru láàrin àwọn tí kò mọ̀ rí a máa dààmú títí ọkàn rẹ̀ yóò fi pòrúurùu. Nínú ilé tirẹ̀, ohùn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbọ́, ọbẹ̀ tí ó mọ̀ ni ó ń jẹ. Àwọn baba wa kò ṣì í wí nígbà tí wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí èyí tipẹ́. Ní ọdún 1947 ni ilé ìwòsàn Montefiore ní ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti oògùn tọ àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ nínú ilé wọn. Ní ọdún 1957 irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Paris. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń gba ibùsùn lọ́wọ́ àwọn aláìsàn yòókù, ìjọba Amẹ́ríkà gbà láti san owó fún ilé ìwòsàn tí ó bá ń tọ́jú ènìyàn nínú ilé rẹ̀ bí ẹni pé inú wọ́ọ̀dù ni ó wà. Òtútù àyà, ọkàn tí agbára rẹ̀ dínkù, ẹsẹ̀ tí egbò mú kí ó wú kí ó sì máa gbóná: gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀, nígbà tí dókítà bá ti yẹ aláìsàn wò tí ó sì rí i pé ilé kò ní pa á lára.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Arò tí gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Kò ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì béèrè pé kí ìbátan kan bá olúkúlùkù wọn wá láti máa se oúnjẹ fún un kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gba ìwòsàn lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì ń sùn láàrin ènìyàn. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 bákan náà, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìwé tí a fi ń ṣàkíyèsí bí ọmọ ti ń dàgbà sì ń gbé ọwọ́ ìyá ọmọ nínú ilé.

Èkó pẹ̀lú ti dán an wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìyàsọ́tọ̀ ni a ń kó àwọn tí àrùn náà mú lọ. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbà pé kí ẹni tí àrùn kò wọ̀ lára púpọ̀ gba oògùn nínú ilé, kí àwọn dókítà sì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá kúrú ni a ń gbé lọ sí ibi tí ọ́síjìn wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó so gbogbo ìtàn wọ̀nyí pọ̀. Kì í ṣe igò omi, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé ilé ìwòsàn kan wà lẹ́yìn aláìsàn, tí ó mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì gbà pé ọrùn òun ni ẹrù rẹ̀ wà. Níhìn-ín ni ọ̀ràn tiwa ti yàtọ̀. Ẹni tí ó gbé omi kọ́ sí fèrèsé wa, bóyá oníkẹ́míìsì ìsàlẹ̀ àdúgbò ni, bóyá ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ tí kò parí rẹ̀ ni. Ó gún abẹ́rẹ́, ó gba owó, ó lọ. Bí ara aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní agogo méjì òru, ta ni a ó pè? Igò omi nìkan kò sọ yàrá di ilé ìwòsàn. Ẹni tí yóò dáhùn lóru ni ó ń sọ ọ́ dì í.

Àwọn kan yóò wí pé owó ni kò sí, pé ẹni tí ó wà nítòsí ni à ń pè. A gbọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú owó tí a rò pé a fi pamọ́ ni kò padà di owó pósí?

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ènìyàn nínú ilé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, àti orúkọ ilé ìwòsàn tí ó rán an; HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tí ń ṣàbójútó àwọn ilé ìtọ́jú, wà fún irú ìbéèrè yìí. Èkejì, ìwé tí yóò máa wà lẹ́bàá ibùsùn, níbi tí a ó ti kọ oògùn tí a lò, wákàtí tí a lò ó, bí ara ti gbóná tó, àti bí ìfúnpá ti rí. Ẹ̀kẹta, nọ́mbà tẹlifóònù tí ènìyàn yóò gbé lóru, àti ọkọ̀ tí a ti ṣe àdéhùn rẹ̀ kí wàhálà tó dé. Ẹ̀kẹrin, kí ó sọ gbangba irú àìsàn tí òun kò ní wò nílé. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọdé tí gìrì mú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́ tí apá rẹ̀ kan sì kú: ilé ìwòsàn ni ti wọn, kíákíá.

Ilé náà pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í kú. Jẹnẹrétọ̀ tí a bá sì gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè fi èéfín pa aláìsàn àti olùtọ́jú papọ̀. Ọ́síjìn a máa mú kí iná ràn kíkankíkan, nítorí náà sítóòfù àti sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò gbọdọ̀ sùn láàrin àwọn ọmọdé. Kí a má sì gbàgbé ìyàwó tàbí ọmọbìnrin tí ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru: òun pẹ̀lú a máa rẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà kí a sì máa gbà á sílẹ̀.

Ní ti owó, òfin adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọdún 2015, ti ìjọba àpapọ̀ sì jáde ní ọdún 2022. Kí ọmọ ìlú forúkọ sílẹ̀. Kí àwọn aṣojú wa sì rí i pé ìtọ́jú inú ilé tí ó bá ìlànà mu kò di ti ọlọ́rọ̀ nìkan.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pe ẹgbẹ́ àwọn onílé jọ. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ láàrin rẹ̀, àti ti ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn lóru. Èyí kò ju agbára wa lọ: ìlú tí ó lè gba ọdẹ láti ṣọ́ ẹrù rẹ̀ lóru lè wá ẹni tí yóò ṣọ́ èémí àwọn òbí rẹ̀.